Ọgbà, Ààtàn àti Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Alímọ̀ṣọ́

Ọgbà àdúgbò ni ilẹ̀ tí àwọn aládùúgbò jọ ń gbin nǹkan sí, yálà wọ́n pawọ́ pọ̀ ro gbogbo rẹ̀ tàbí wọ́n pín in ní bẹ́ẹ̀dì-bẹ́ẹ̀dì kí kálukú mọ tirẹ̀. Kì í ṣe oko ńlá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sí abúlé, kì í sì í ṣe ọgbà òdòdó tí wọ́n kàn ń wò. Ẹ̀fọ́ ló ń jáde níbẹ̀, àti ata, ilá, ewé àgbo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní orúkọ tàbí pátákó. Abẹ́ wáyà iná ńlá tó gba orí àdúgbò kọjá ló máa ń wà, tàbí etí kánáàlì, tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí orí púlọ́ọ̀tì tí ẹni tó ni ín kò tíì rówó kọ́.

Èrò pọ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn orílẹ̀-èdè ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó wù kí ènìyàn gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Èkó dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, Alímọ̀ṣọ́ nìkan di mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Àgbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ́/Ìpàjà, Ẹ̀gbẹ́/Ìdímù, Ìkọ̀tún/Ìgàndò àti Mọ́sàn/Òkúnọlá.

Ilẹ̀ oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Oko àti ẹja ni iṣẹ́ àwọn Àwórì tó ni Ìgàndò, Ìkọ̀tún, Ìdímù àti Ìsẹ̀rì. Ní Àgége tó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà, àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà wọn kò yá mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko kòkó àti oko obì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gbajúmọ̀ láàárín wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Àgége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà wá láti ìlú òkè láti ṣiṣẹ́ lóko wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n sì ń padà sílé, irúgbìn kòkó wà nínú ẹrù wọn. Apá kan nínú kòkó tó sọ ilẹ̀ Yorùbá di ọlọ́rọ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ilé ló wá gba ipò oko. Gowon Estate kọ́kọ́ dé ní àwọn ọdún 1970. Ìjọba Lateef Jákàńdè, láti 1979 sí 1983, kọ́ Abẹ̀sàn sí Ìpàjà. Àwọn tí owó ilé ti lé jáde ní Múṣin àti Súrùlérè sì tẹ̀ lé e. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 ni wọ́n ń tà. Onílé á kọ́lé, á wa kànga, á kọ́ ilé kékeré sẹ́yìnkùlé fún àwọn ayálégbé, á wá da kọnkéré sí ìyókù nítorí ẹrẹ̀. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́, tó gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní 1976 tó sì ní kí kálukú gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ tán l'Ékòó.

Ohun tó dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sídìí ọkọ́ kò jìnnà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé sì rí i pé oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan péré ló wà nílẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2021 ń parí lọ, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, àwọn tó ń kó màlúù, àlùbọ́sà àti tòmátì wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, ọjà Èkó sì gbóná bí ẹní fi ata síná. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2024, àkọsílẹ̀ NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, fi hàn pé oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan.

Kò sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé tó máa pèsè gàrí fún ilé ènìyàn mẹ́fà, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àdúgbò ń tàn wọ́n ni. Gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ohun tí ọgbà Alímọ̀ṣọ́ lè ṣe ni kó yọ ẹ̀fọ́, ewédú àti ata kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fi owó rà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ ń jáde nínú ọbẹ̀ nígbà tí owó bá ti há.

Ohun tí wọ́n ń gbìn

Tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ nítorí kì í dójú ti ẹni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí wọ́n bá ti fọ́n ọn, ó ti tó fà. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó mọṣẹ́ máa ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má bàa ṣù jọ síbì kan. Ṣọkọ ń fẹ́ sùúrù díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e dípò kí wọ́n fà á tu, á tún pẹ̀ka, wọ́n á sì tún gé e. Gbúre àti ewúro kò nílò irúgbìn: ẹ̀ka ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀. Ewúro kan tó bá ti múlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Úgwú, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn gbé wá, ti di ẹ̀fọ́ gbogbo Èkó; ó ń fà, nítorí náà ara ọgbà tàbí wáyà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń jẹ́ kó gùn. Ata rodo ni ó pẹ́ jù nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ níbi kan, wọ́n á lọ́ ọ, á sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó so.

Ewédú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Bí wọ́n bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, ìyókù á sùn sínú ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á yọ ọ́ kíá, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sí ibòji kó gbẹ. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi náà, ó ti jinná. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹni tó bá ń wá irúgbìn tó dájú ti lè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀fọ́ kan wà tí wọn kì í sábà gbìn: ẹ̀bòlò, yánrin, òdú, àmúnútutù. Wọ́n ń hù fúnra wọn lẹ́bàá gọ́tà àti lórí púlọ́ọ̀tì òfìfo. Àwọn àgbàlagbà tó ti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà wá mọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì ń já wọn lọ sílé. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Ìkọ̀tún ń pè wọ́n ní koríko, wọ́n ń fà wọ́n dànù. Ọgbà àdúgbò tó bá fi bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún irú wọn, kí ìyá àgbà kan sì máa dárúkọ wọn fún àwọn ọmọ iléèwé, ti ṣe ju ọbẹ̀ lọ.

Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà títí di oṣù kẹwàá. Ìgbà òjò ni ẹ̀fọ́ ń pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni èrè ọgbà ń hàn, fún ẹni tó bá ní omi. Kòkòrò ń jẹ ewé, eérú gbígbẹ tàbí omi ata tí wọ́n pò mọ́ ọṣẹ sì ń lé púpọ̀ nínú wọn. Ti ewúrẹ́ ló le. Kò sí ọgbà kan láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìjẹ̀gùn tí ewúrẹ́ aládùúgbò kò tíì pa run lẹ́ẹ̀kan, ìjà tó sì ń tẹ̀ lé e kì í tán bọ̀rọ̀. Ọgbà tí kò bá ní ọgbà yí i ká, ewúrẹ́ ni wọ́n gbìn ín fún.

Èèpo iṣu àti òkè Solous

Bí ilẹ̀ abẹ́ ọgbà bá ṣe rí ni oúnjẹ inú rẹ̀ yóò rí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Alímọ̀ṣọ́ ti yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ìgàndò ni àwọn ààtàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Solous wà, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) lọ sí Ìsẹ̀rì, ní ọ̀ọ́kán Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ àwọn akódọ̀tí aládàáni (PSP) ti ń da ẹrù síbẹ̀, títí ìdọ̀tí fi ga bí òkè, tí ilé sì yí i ká. Ìjọba Èkó ti sọ ọ́ pé àwọn yóò ti ibẹ̀ pa. LAWMA, àjọ tó ń rí sí kíkó ìdọ̀tí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 lábẹ́ orúkọ mìíràn, máa ń sọ pé ìdọ̀tí tí Èkó ń kó jáde lójúmọ́ tó nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ohun tó ń jẹrà: èèpo iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, èso tó bàjẹ́ lọ́jà.

Ohun jíjẹrà tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn ń di ilẹ̀ dúdú. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá àti ike, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì mẹtéènì ló ń tú jáde, gáàsì náà sì ń gbiná. Irú iná ààtàn bẹ́ẹ̀ ló sọ ní Olúsosùn, Òjótà, ní oṣù kẹta 2018, tí èéfín rẹ̀ bo àdúgbò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi dúdú tó ń ro jáde nísàlẹ̀ ààtàn ń wọlẹ̀ lọ bá kànga. Àwọn olùwádìí tó ti yẹ omi kànga wò ní àyíká Solous rí òjé àti àwọn irin mìíràn nínú àwọn kan.

Kò sí agbo ilé Yorùbá àtijọ́ tí kò ní ààtàn lẹ́yìnkùlé. Eérú, èèpo, ìgbẹ́ ẹran àti àpáàdì ni wọ́n ń dà síbẹ̀, kò sì sí èyí tó ba ilẹ̀ jẹ́ nínú wọn. Òdú, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ọ̀rá ló ba ààtàn jẹ́. Ohun tí àwọn olọ́gbà òde òní ń ṣe ni pé wọ́n ń yọ ọ̀rá kúrò, wọ́n sì ń dá ààtàn àtijọ́ padà, àfi pé wọ́n ń ṣètò rẹ̀ kó lè yára.

Wọ́n á wá igun kan tí òòrùn kò ti mú jù, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù to àpótí tí kò ní ìsàlẹ̀, nǹkan bí mítà kan níbùú àti lóròó. Ohun tútù bí èèpo àti ewé ẹ̀fọ́ ní ipele kan. Ohun gbígbẹ bí ewé tó rẹ̀, páálí tí wọ́n fà ya tàbí ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì ní ipele tó nípọn jù ú lọ. Wọ́n á bu omi wọ́n ọn, wọ́n á sì fi àpò bò ó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àárín rẹ̀ á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò rí ti ń jẹun. Ooru náà lè tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń pa irúgbìn èpò àti àrùn. Bí wọ́n bá ń fi ṣọ́bìrì yí i ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, oṣù méjì sí mẹ́ta á tó kó di ajílẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù tàbí ohun gbígbẹ ti kéré jù. Ẹran, ẹja àti òróró kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Eku ni wọ́n ń pè. Ìgbẹ́ adìyẹ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ń jó ẹ̀fọ́, nítorí náà kó kọ́kọ́ jẹrà nínú òkìtì náà.

Ohun kan wà tí inú ẹni kì í dùn láti sọ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó dúdú ló dára. Ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ìgàndò àti Ìjẹ̀gùn jẹ́ ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi ìdọ̀tí dí kí wọ́n tó kọ́lé. Bátìrì, ọ̀dà àti ohun èlò iná wà nínú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, òjé inú wọn kì í sì í jẹrà. Ewé àti gbòǹgbò ló ń gba òjé sára jù. Ohun tó ń so èso, bí ilá àti ata, kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Lórí irú ilẹ̀ yìí, òdòdó ni kí wọ́n gbìn, tàbí kí wọ́n gbé ilẹ̀ mìíràn wá sínú àpò.

Omi náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Bàrúwà ní Ìpàjà, epo bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba omi kànga ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ láti àwọn ọdún 1990, débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ojú ọ̀nà páìpù fúnra rẹ̀ máa ń dà bí ilẹ̀ ọgbà òfẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ní Ìjẹ̀gùn, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún, 2008, kẹ́tẹ́pílà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà gbá páìpù epo, iná sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Omi òjò tí wọ́n gbè láti orí páànù sínú dúrọ́ọ̀mù ló ń wúlò jù fún ọgbà kékeré. Ike omi tí wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdérí rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ ohun èlò ìbomirin tó wọ́n lọ́jà.

Nínú àpò ìrẹsì

Níbi tí kò bá sí ilẹ̀ rárá, àpò ló kù. Ní Kibera, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi, ọgbà inú àpò tàn kálẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2007 tó sì wọ 2008, nígbà tí oúnjẹ wọ́n. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro, àpò ìrẹsì sì pọ̀ ní Ìkọ̀tún. Wọ́n á gbé agolo ńlá tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ sáàárín àpò, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á ko ilẹ̀ tó ní ajílẹ̀ yí i ká, wọ́n á fa agolo náà sókè díẹ̀, wọ́n á tún kó òkúta sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí àpò á fi kún. Òpó òkúta tó dúró láàárín yìí ni omi ń gbà dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ la ojú kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ àpò, wọ́n á ki ẹ̀ka gbúre tàbí ọmọ ṣọkọ bọ ojú kọ̀ọ̀kan, ata á sì wà lókè. Àpò kan ń gba irúgbìn púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ju ti àga kan lọ. Oòrùn Èkó ń jẹ àpò ìrẹsì, nítorí náà wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já.

Ìlú ńlá mìíràn ti gbé irú nǹkan báyìí débì kan. Nígbà tí Soviet Union túká ní 1991, tí epo àti ajílẹ̀ òyìnbó kò wọ Cuba mọ́, àwọn ará Havana sọ ilẹ̀ òfìfo àárín ìlú di ọgbà ẹ̀fọ́ orí bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n ń pè ní organopónico. Ìjọba wọn fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà, ó sì fi àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí àdúgbò. Àwọn ohun méjì wọ̀nyẹn ni Alímọ̀ṣọ́ kò ní.

Ohun tí kì í jẹrà

Bí èèpo bá ti wọ inú ajílẹ̀, ohun tó kù nínú àpò ìdọ̀tí ni ike, ọ̀rá, aṣọ, táyà àti irin. Ìjọba Èkó fòfin de àwo fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù kìíní 2024, ó sì fi ọjọ́ kìíní, oṣù keje, 2025 lélẹ̀ fún àwọn ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan mìíràn. Òfin ń dí ojú ìṣàn. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́.

Oníṣẹ́ tí Alímọ̀ṣọ́ ní jù ni télọ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, kò sí òpópónà tí kò ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, gbogbo wọn ló sì ń gbá ẹ̀já àńkárá dànù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀já yìí ni àwọn kan ń tò pọ̀ di báàgì ọjà, fìlà, ìtẹ́sẹ̀ àti aṣọ ìbora. Báàgì ọjà ló wúlò jù nínú wọn, nítorí ọ̀rá tí kò wọlé kò ní dé Solous. Táyà àtijọ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí wọ́n sì fi gbin òdòdó ń wuni lójú iléèwé, ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò bá lu ihò sí ń gba omi òjò dúró, ẹ̀fọn ló sì ń tọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọnà inú ìdọ̀tí kò ju ìdọ̀tí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà lọ. Ìdánwò rẹ̀ ni bóyá ẹnìkan lè fi owó ara rẹ̀ rà á.

Àwọn tó ti yege ìdánwò náà wà. Dọ̀tun Pópóọlá, tó kàwé ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ń jó irin àlòkù àti ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ di ẹranko àti ènìyàn. El Anatsui, ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Nsukka ní 1975, fi ìdérí ìgò ọtí tí wọ́n so pọ̀ bí aṣọ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Ìbàdàn, Jùmọ̀kẹ́ Olówóòkéré dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ tí gbogbo ohun inú rẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí tí wọ́n tún ṣe, ó sì pè é ní Waste Museum. Ìlú yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Freee Recycle tí Ifẹ́dọlápọ̀ Runsewe dá sílẹ̀ ti ń lọ táyà di búlọ́ọ̀kù ìtẹ́lẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, ẹgbẹ́ African Clean-Up Initiative bá iléèwé Morit International ṣe àdéhùn pé kí àwọn òbí máa kó ike wá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí owó rẹ̀ sì wọ inú owó iléèwé ọmọ wọn. Ètò yìí sún mọ́ ohun tí Alímọ̀ṣọ́ lè lò ju ère lọ, nítorí iléèwé aládàáni kò wọ́n níbẹ̀, òbí tó jẹ gbèsè owó iléèwé sì pọ̀.

Àwọn iṣẹ́ ọnà kan wà tó jẹ́ pé inú ọgbà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Igbá ń fà lórí ọgbà bí elégédé. Bí ó bá gbó, wọ́n á là á, wọ́n á wa inú rẹ̀, àwọn agbẹ́gbá Ọ̀yọ́ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fín in. Kàn-ìn-kàn-ìn ayaba náà ń fà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èso rẹ̀ bá gbẹ, tí wọ́n bó o, inú rẹ̀ ni kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí kì í sì í fi ike kankan sílẹ̀ nínú gọ́tà. Àdìrẹ ń fẹ́ ìkìlọ̀ kan. Láyé àtijọ́, ewé èlú àti omi eérú ni aláró fi ń ṣe aró; lónìí, kọ́sítíìkì sódà àti háídírò wà nínú agbada ọ̀pọ̀ wọn. Omi irú aró bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́, bó ti wù kí ibi iṣẹ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ igi àti ọ̀rọ̀ ọnà ti pàdé jù nílẹ̀ Yorùbá ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, oníṣọ̀nà tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣọ̀nà mìíràn bí Adébísí Àkànjí fi ère àti ògiri ọlọ́nà dáàbò bo igbó náà nígbà tí wọ́n fẹ́ gé e. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Alímọ̀ṣọ́ kò ní igbó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbọ̀ngàn. Ọ̀kan nínú ilé tíátà mẹ́rin tí ìjọba Akínwùnmí Ambode kọ́ wà ní Ìgàndò. Àwọn yòókù wà ní Oregun, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé, àyè wà níbẹ̀ fún ọjà oníṣẹ́ ọwọ́.

Ta ló ni ilẹ̀?

Ohun tó ń pa ọgbà àdúgbò jù kì í ṣe kòkòrò. Wọ́n á ṣán ilẹ̀, wọ́n á kó ajílẹ̀ sí i, ẹ̀fọ́ á yọ, ẹni tó ni púlọ́ọ̀tì á wá dé pẹ̀lú iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù, tàbí kí ọmọ onílẹ̀ dé láti gba owó. Nítorí náà, ìwé kékeré kan pẹ̀lú onílẹ̀, tí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) fọwọ́ sí, tó sọ iye oṣù tí wọn yóò fi lo ilẹ̀ àti ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó kúrò, ṣe pàtàkì ju irúgbìn lọ. Onílẹ̀ náà ń jèrè: ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í di ibi tí àwọn aládùúgbò ń da ìdọ̀tí sí lóru. Lábẹ́ wáyà iná, ẹ̀fọ́ tó kúrú ni wọ́n lè gbìn, kì í ṣe igi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ àtíbàbà síbẹ̀.

Ohun kan ni CDA kò lè dá ṣe. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá òjé wà nínú ilẹ̀ tó yí Solous ká, kò sì tọ́ kí wọ́n máa ní kí àwọn ará Ìgàndò gbin ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ohun tí yunifásítì kò lè ṣe, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lórí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ààtàn náà. Kí káńsù Ìkọ̀tún/Ìgàndò sanwó àyẹ̀wò náà, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á.